Gé e, Dà á kọ, Lẹ̀ ẹ́

Takàdá funfun kan wà lára ògiri ìsọ̀ kan ní òpópónà Oyèmẹ́kùn ní Àkúrẹ́, tí mo máa ń kà nígbàkígbà tí mo bá ń dúró de iṣẹ́ mi. Ìwé títẹ̀ àti fọ́tòkọ́pì ni iṣẹ́ wọn níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá sì gba ọlidé, wọn a máa kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà. Ìlà mẹ́rin péré ni ó wà lára takàdá náà: Ctrl+C, dà á kọ, Ctrl+X, gé e, Ctrl+V, lẹ̀ ẹ́, Ctrl+Z, dá a padà. Àwọn ọmọ náà a máa kà á ní àkọ́sórí, wọn a sì máa fi orin sí i, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti fi orin ka a-bí-dí nígbà tiwa. Ẹni tí ó kọ ọ́ gbìyànjú. Yorùbá ni ó fi kọ ọ́, àwọn ọ̀rọ̀ tí ó lò kò le, kò sì sí èyí tí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kò ní í gbọ́ nínú wọn.

Síbẹ̀, mo ní ẹjọ́ kan láti bá takàdá yìí rò. Ẹjọ́ náà kò kéré, nítorí pé ó kan ìyá arúgbó kan ní Oǹdó tí wọ́n sọ di ajigbèsè láìjẹ gbèsè, ó sì kan ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n fẹ́ pè ní olè láìjalè. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bi mí pé kí ni ó kan ẹni tí ń kọ̀wé lórí àṣà nínú bọ́tìnì kọ̀ǹpútà. Ìdáhùn mi ni pé ohun tí gbogbo ìlú ń fi ọwọ́ ṣe lójoojúmọ́, àṣà ni. Bí a bá lè jókòó ṣe lámèyítọ́ bí aláró ṣe ń rẹ aṣọ àti bí onílù ṣe ń fa awọ, kò yẹ kí ojú tì wá láti wo bí akọ̀wé ṣe ń gé nọ́ńbà, tí ó sì ń lẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù kan wà ní Oǹdó, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ oníṣòwò, oníṣẹ́ ọwọ́, àti àwọn olùkọ́ tí wọ́n ti fẹ̀yìntì. N kò ní í dárúkọ rẹ̀. 5,000 náírà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá lóṣooṣù ní ọdún 2018. Oǹdó ni wọ́n ti ń kọ owó náà sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe ìwé èrè ọdún. Nítorí náà, bí ọdún bá ń parí lọ, fáìlì náà a wá sí Àkúrẹ́ nínú fláàṣì. Akọ̀wé tí ó wà ní Àkúrẹ́ a wá ṣí ojú ìwé tirẹ̀ sínú fáìlì kan náà, ojú ìwé tí kò ní ju òpó méjì lọ: orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, àti àpapọ̀ owó tí ó dá.

Àwọn onígun mẹ́rin kéékèèké tí ó kún ojú ìwé Excel, yàrá ni n ó máa pè wọ́n níhìn-ín, nítorí pé agbo ilé ni ojú ìwé náà jọ lójú mi, tí yàrá kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà àti nọ́ńbà lẹ́nu ọ̀nà. Akọ̀wé yìí kò tẹ owó ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú yàrá tirẹ̀. Fọ́múlà kan ni ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ àkọ́kọ́, pé kí yàrá yìí lọ wo yàrá tí ó bá a ṣe déédéé nínú ojú ìwé Oǹdó, kí ó sì mú iye tí ó bá bá níbẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà ni ó tẹ Ctrl+C, ó sàmì sí àwọn yàrá tí ó wà nísàlẹ̀, ó tẹ Ctrl+V, orúkọ 41 sì ní owó tiwọn kí ènìyàn tó mí lẹ́ẹ̀mejì. Títí dé ibí yìí kò sí àléébù kankan.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà, káfíńtà kan tí ó wà ní ipò 17 nínú ìwé, ti kú ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, wọ́n sì ti san owó rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Kò yẹ kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé èrè. Akọ̀wé yọ orúkọ náà. Àlàfo wá ṣẹ́ kù sí ibi tí orúkọ òkú ti wà, ojú akọ̀wé kò sì gba àlàfo. Ó sàmì sí gbogbo orúkọ tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó tẹ Ctrl+X, ó gòkè ní ìlà kan, ó tẹ Ctrl+V. Orúkọ gòkè, fọ́múlà dúró síbi tí ó wà. Ó pa ìlà ìsàlẹ̀ tí kò ní orúkọ mọ́ rẹ́, ó tẹ ìwé jáde, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Oǹdó. Àpapọ̀ gbogbo owó tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ìwé kò ṣe ẹnikẹ́ni ní háà, nítorí pé nọ́ńbà lásán tí wọ́n ti ṣírò ní Oǹdó ni, kò sì sí ẹni tí ó tún un rò.

Ìyá aláṣọ kan ni ó wà ní ipò 18. Nígbà tí orúkọ gòkè, òun ni ó bọ́ sí yàrá tí ń wo owó òkú. Oṣù mẹ́ta péré ni káfíńtà dá kí ó tó kú. Ìwé wá sọ pé oṣù mẹ́ta ni ìyá náà dá, 15,000 náírà dípò 60,000, àti pé láti oṣù kẹrin ni kò ti mú kọ́bọ̀ wá mọ́. Ohun tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà burú ni pé àwọn yòókù kò mọ nǹkan kan. 5,000 kan náà ni gbogbo wọn ń dá, nítorí náà ẹni tí ń wo owó aládùúgbò rẹ̀ rí 60,000, ó sì rò pé tòun ni. Ìyá yìí nìkan ni àṣìṣe náà hàn lára rẹ̀, ó sì hàn lára rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó lọ yá owó tí yóò fi rán ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ó mú káàdì rẹ̀ jáde, oǹtẹ̀ 12 wà lára rẹ̀. Alága wo káàdì náà, ó wo ìwé tí ó ti inú kọ̀ǹpútà jáde, ó ní, “Ìyá, ẹ má bínú, kọ̀ǹpútà kì í purọ́.”

Ìyá ní, “Ọmọ mi, èmi náà kì í purọ́.”

Ìbátan mi ni ìyá náà níhà ti ìyá tí ó bí mi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè mí. Mo gba ọ̀nà Ọ̀wẹnà lọ sí Oǹdó ní ọjọ́ Sátidé kan, mo gba ojú ìwé méjèèjì, mo tẹ́ wọn sílẹ̀ lórí tábìlì, mo sì ń fi rúlà tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan. Láti ipò 1 dé 16 kò sí ìyàtọ̀. Láti 17 dé ìsàlẹ̀, olúkúlùkù ni ó jókòó lórí owó ẹni tí ó wà lókè rẹ̀. Nígbà yẹn, ìgbìmọ̀ ti fura sí akọ̀wé, wọ́n ní ó fi ojú ìyá arúgbó gbolẹ̀ láti kó owó rẹ̀ jẹ. Ọmọ náà kò ì pé ọdún 25. Nígbà tí mo bi í léèrè ohun tí ó ṣe, ó wí fún mi pẹ̀lú omi lójú pé, “Bàbá, mo kàn gé e ni, mo sì lẹ̀ ẹ́.”

Òótọ́ ni ó sọ. Ó gé e, ó sì lẹ̀ ẹ́. Takàdá ara ògiri kò kọ́ ẹnikẹ́ni ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀wẹ̀, kí ni a ní lọ́kàn nígbà tí a bá sọ pé a da nǹkan kọ? Àwa tí a dàgbà nígbà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ kábọ̀n dáadáa. Ní àwọn ọ́fíìsì ìjọba tí ó wà ní Alágbàká, tàpíìsì a to takàdá mẹ́ta tàbí mẹ́rin sórí ara wọn, a fi kábọ̀n sáàárín wọn, a sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tí ó wà lókè ni ó wà nísàlẹ̀. Ohun tí ó fi yàtọ̀ kò ju pé ti ìsàlẹ̀ kò dúdú tó ti òkè. Ẹ̀dà nìyẹn lójú wa. Àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó ya ẹ̀dà àti ẹ̀dá sọ́tọ̀, mo sì máa ń rò ó pé ó yẹ kí wọ́n ya ara wọn sọ́tọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹ̀dá a máa yí padà bí ó bá dé ibòmíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀dà kò gbọdọ̀ yí padà. Òun ni ó fi jẹ́ pé ilé ẹjọ́ ń gba ẹ̀dà ìwé.

Ohun tí Ctrl+C ń dà kọ nínú Excel kì í ṣe ẹ̀dà bí irú èyí. Bí nọ́ńbà lásán ni ó wà nínú yàrá, nọ́ńbà náà ni yóò dà kọ, kábọ̀n kò sì ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí fọ́múlà bá ni, ojú tí fọ́múlà fi ń wo àwọn yàrá mìíràn ni a dà kọ, kì í ṣe ohun tí ojú náà rí. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ilé ṣàlàyé rẹ̀. Bí mo bá sọ pé “bàbá mi”, ọkùnrin kan wà tí mo ní lọ́kàn. Bí mo bá ní kí ọmọ aládùúgbò mi tún ọ̀rọ̀ mi sọ, tí òun náà sì wí pé “bàbá mi”, kò fi kún ọ̀rọ̀ mi, kò yọ kúrò nínú rẹ̀, síbẹ̀ ọkùnrin mìíràn ni ó ń pè. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹnu tí ó gbé e ni ó yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fọ́múlà rí. Bí a bá kọ B2 sínú yàrá C2, ohun tí Excel gbọ́ ni “yàrá tí ó wà ní apá òsì mi”. Bí a bá dà á kọ sí C3, yóò wo apá òsì C3, ìyẹn B3, kò sì ní í bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ pé “Déjì Àkúrẹ́”, ẹnu yòówù kí ó gbé e, ìbáà jẹ́ ní Àkúrẹ́, ní Oǹdó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, orí oyè kan náà ni ó ń tọ́ka sí. Irú ọ̀rọ̀ báyìí náà wà nínú Excel. Àmì dọ́là ni a fi ń mọ̀ ọ́n: $B$2 yóò máa jẹ́ B2 títí láé, ibikíbi tí a bá dà á kọ sí. Bọ́tìnì F4 ni ó ń fi àmì náà sí i nígbà tí a bá ń kọ fọ́múlà lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín “bàbá mi” àti “Déjì Àkúrẹ́” kò ṣàjèjì sí ọmọ ọdún márùn-ún nílẹ̀ Yorùbá. Ó yà mí lẹ́nu pé n kò tíì rí ìwé kan tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní kọ̀ǹpútà tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Gígé wá yàtọ̀ pátápátá. Oǹdó ni wọ́n bí mi sí, mo sì kó wá sí Àkúrẹ́ nígbà tí mo rí iṣẹ́. N kò tìtorí pé mo ṣílé di ọmọ bàbá ẹlòmíràn. Bákan náà ni fọ́múlà tí a fi Ctrl+X mú kúrò. Ibi tí ó ń wò tẹ́lẹ̀ ni yóò máa wò ní ibi tuntun tí ó dé, àmì dọ́là ì báà wà, kí ó má wà. Èyí tí ó tún wù mí jù ni pé àwọn yàrá mìíràn tí wọ́n ti ń wò ó tẹ́lẹ̀ yóò yí ojú wọn sí ibi tí ó lọ, bí ìgbà tí àwọn ará ilé tí ń kọ lẹ́tà sí mi ní Oǹdó yí àdírẹ́ẹ̀sì padà láìjẹ́ pé mo sọ fún wọn. Àfi bí mo bá lọ kó sínú yàrá tí ẹlòmíràn ti wà. Nígbà náà, ẹni tí ó ti wà níbẹ̀ parẹ́ nìyẹn, àwọn tí wọ́n sì gbójú lé e yóò rí #REF!, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹni tí wọ́n ń wò kò sí mọ́.

Òǹkàwé tí ó bá ti ń bá mi bọ̀ yóò ti rí ibi tí ọmọ yẹn ti ṣìnà. Kì í ṣe fọ́múlà ni ó gé, orúkọ ni. Orúkọ lásán kò wo ibì kan, kò sì sí yàrá kan tí ń wò ó. Fọ́múlà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kò mọ̀ pé ẹnì kan ń gbé ẹ̀gbẹ́ òun. Ìlà tí ó wà nìkan ni ó mọ̀. Ó kó àwọn ènìyàn kúrò nínú ilé wọn, ó sì fi ẹrù wọn sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá kàn. Nígbà tí wọ́n yọ ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1996, mo rí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ ní Àkúrẹ́ láti kó lọ sí Adó-Èkìtì. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn jù ni ọ̀rọ̀ fáìlì. Olúkúlùkù ni ó mọ̀ pé bí òun bá dé Adó tí fáìlì òun kò dé, asán ni òun dé. Wọn kò nílò kọ̀ǹpútà láti mọ èyí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ rere nípa àwọn bọ́tìnì wọ̀nyí náà. Wọ́n rọrùn fún ọwọ́. X, C àti V tẹ̀ lé ara wọn ní ìlà ìsàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù, lábẹ́ ọwọ́ òsì, nítòsí Ctrl. Ọwọ́ ọ̀tún lè wà lórí máòsì, tàbí kí ó máa fi ìka tẹ̀ lé ìlà lórí ìwé. X jọ sísọ́ọ̀sì tí ó yanu, V sì jọ ọfà tí ń tọ́ka sísàlẹ̀ pé ibí ni kí a lẹ̀ ẹ́ sí. Ní àárín àwọn ọdún 1970, ní ilé ìwádìí ti Xerox ní Palo Alto, ní California, ni Larry Tesler àti Tim Mott ṣe ètò ìtẹ̀wé kan tí wọ́n pè ní Gypsy fún ilé-iṣẹ́ Ginn tí ń ṣe ìwé jáde. Inú rẹ̀ ni gígé àti lílẹ̀ ti kúrò ní ọ̀rọ̀ sísọ́ọ̀sì àti gọ́ọ̀mù tí àwọn tí ń to ojú ìwé ń lò, tí ó di ọ̀rọ̀ bọ́tìnì. Tesler gbé e dé Apple, kọ̀ǹpútà Lisa ti ọdún 1983 sì ni ó fi X, C àti V sí ipò tí wọ́n wà di òní. Nígbà tí Tesler kú ní oṣù kejì ọdún 2020, ìròyìn ikú rẹ̀ dé gbogbo ayé, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó sì mọ orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nínú àwọn tí ń jẹ oúnjẹ lára iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: fún ọ̀rọ̀ ni Tesler ṣe é, kì í ṣe fún ìṣirò. Gbólóhùn tí a bá gé nínú lẹ́tà kò wo gbólóhùn mìíràn. Ìtàn ìwé ìṣirò yàtọ̀. Nígbà tí Dan Bricklin àti Bob Frankston gbé VisiCalc jáde ní ọdún 1979, bí ènìyàn bá fẹ́ da fọ́múlà kọ, VisiCalc a kọ́kọ́ dúró, a sì bi í léèrè lórí yàrá kọ̀ọ̀kan tí fọ́múlà náà dárúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣé kí èyí má yí padà, tàbí kí ó bá ibi tí ó ń lọ mu? Lẹ́tà N ni ìdáhùn àkọ́kọ́, lẹ́tà R ni èkejì. Mo mọ̀ pé ó ń dá iṣẹ́ dúró. Mo mọ̀ pé akọ̀wé tí ó ní orúkọ 41 yóò ti fi ìbínú dáhùn kí ó tó dé ìdajì. Ṣùgbọ́n ó bèèrè! Lotus 1-2-3 dé ní ọdún 1983, kò bèèrè mọ́. Àmì dọ́là ni ó fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n. Excel tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó fi máa kan Ctrl+C, kò sí ìbéèrè, kò sì sí àmì kan lójú ìwé tí ó lè jẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ mọ̀ pé ìbéèrè kan wà rí. Ọ̀nà àbùjá ni Yorùbá ń pe irú ọ̀nà báyìí, a sì mọ ohun tí àwọn àgbà sọ nípa rẹ̀ àti ọrùn ọ̀pẹ. Ẹ̀dùn ọkàn mi ni pé kì í ṣe ìrìn ẹsẹ̀ nìkan ni ọ̀nà àbùjá yìí gé kúrù. Ìbéèrè gan-an ni ó gé sọnù.

Lotus tún ṣe ohun kan tí mo gbé oríyìn fún. Kò pe èyí tí à ń wí yìí ní gígé. Move ni orúkọ tí ó fún un, ìyẹn kíkó kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn. Òun ni ó sọ òótọ́. Nínú Excel, bí a bá tẹ Ctrl+X, kò sí ohun tí a gé: ìlà tótòtó kan yóò máa rìn yí yàrá náà ká bí ìjàlọ, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yóò sì wà níbẹ̀ pẹ́sẹ́. Bí a bá tẹ Esc, àwọn ìjàlọ a túká, ó sì dà bí ẹni pé a kò ṣe nǹkan kan. Ìgbà tí a bá tẹ Ctrl+V níbòmíràn ni yàrá àkọ́kọ́ tó ṣófo. Kí ló dé tí a fi ń pe èyí ní gígé? Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa ti ṣe iṣẹ́ ribiribi nínú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìn-ín-ní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì ní 1990, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tí ó ni ìsọ̀ ní Oyèmẹ́kùn kò lè dúró de ìgbìmọ̀. Ó túmọ̀ ohun tí Òyìnbó kọ, bí Òyìnbó ti kọ ọ́, àṣìṣe Òyìnbó sì bá a wọlé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìmọ̀kan ará Oǹdó ni mo ń sọ. Ní ọdún 2003, TransAlta, ilé-iṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná kan ní Kánádà, pàdánù mílíọ̀nù 24 dọ́là Amẹ́ríkà nítorí gígé àti lílẹ̀ kan tí ó ṣìlà lórí ìwé Excel. Iye tí wọ́n fẹ́ fi du àdéhùn kan wá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àdéhùn mìíràn. Ọ̀ràn ìyá aláṣọ wa gan-an ni, àfi pé TransAlta kò ní káàdì tí ó lè fi jà.

Nílé níhìn-ín, ní ọdún 2021, àjọ BudgIT tí ó wà ní Èkó, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa yẹ ètò ìṣúná ìjọba wò fún ará ìlú, kéde pé iṣẹ́ àkànṣe tí òun rí tí a kọ lẹ́ẹ̀mejì nínú ètò ìṣúná ìjọba àpapọ̀ ti ọdún náà kò dín ní 316. Owó wọn jẹ́ bílíọ̀nù 39.5 náírà, 115 nínú wọn sì wà lábẹ́ Ilé-iṣẹ́ Ìjọba fún Ètò Ìlera. Èmi kò jókòó ti àwọn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, n kò sì pe ẹnikẹ́ni lólè. Ohun tí mo ń wò ni ìrísí iṣẹ́ náà. Ẹni tí ń fi gègé kọ ìlà kan náà lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ rẹ̀ yóò rán an létí pé òun ti kọ ọ́ rí. Àárẹ̀ nìkan tó láti mú kí ó dáwọ́ dúró. Àwọn bọ́tìnì wọ̀nyí kò ní àárẹ̀, wọn kò sì ní ìrántí. Bí olè ni ó jókòó tì wọ́n, bí aláìmọ̀kan ni, bí ẹni tí oorun ń kùn ni, ọgbọọgba ni wọ́n ń sìn wọ́n. Ìwé tí ó sì tibẹ̀ jáde mọ́ tónítóní, ìlà rẹ̀ gún, ó jọ òótọ́.

Jíjọ òótọ́ yìí ni ó mú kí alága yẹn gba ìwé gbọ́ ju oǹtẹ̀ 12 lọ. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì ni, ó ti fi gègé pupa máàkì ìwé ọmọ ẹlòmíràn fún ọgbọ̀n ọdún, ó sì mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn lè ṣìṣe. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ọwọ́ ènìyàn náà ni ó wà nínú ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde. Nígbà tí mo fi rúlà hàn án bí ìlà ṣe yẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wò, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà níwájú gbogbo ìgbìmọ̀. Ìyá ní kí ó dìde, pé ọjọ́ orí kò jẹ́ kí òun lè tẹ̀ fà á sókè.

Àtúnṣe tí a ṣe kò gbà ju ọ̀sán kan lọ. Bí akọ̀wé bá ti yọ ìlà òkú náà lódindi, orúkọ àti fọ́múlà pọ̀, pẹ̀lú Ctrl àti àmì ìyọkúrò, gbogbo èyí kì bá tí ṣẹlẹ̀, nítorí pé fọ́múlà yòókù yóò bá orúkọ tiwọn gòkè, wọn yóò sì máa wo ibi tí wọ́n ti ń wò. Ṣùgbọ́n a kò fi mọ síbẹ̀. A fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, a sì yí fọ́múlà padà kí ó máa fi nọ́ńbà náà wá owó ènìyàn kiri inú ojú ìwé Oǹdó, ibikíbi tí ó bá wù kí ó wà. Akọ̀wé ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Mo sọ fún un pé orúkọ ni à ń fi pe ènìyàn, a kì í fi ibi tí ó jókòó sí pè é. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí olùkọ́ òun bá ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni, òun ì bá ti gbọ́ ọ.

Nígbà tí mo padà sí Àkúrẹ́, mo lọ sí ìsọ̀ Oyèmẹ́kùn, mo sì bẹ ẹni tí ó ni ín pé kí ó pa “gé e” rẹ́ lára takàdá rẹ̀, kí ó kọ “ṣí i” síbẹ̀, bí a ṣe ń sọ pé ènìyàn ṣí kúrò nílé kan lọ sí òmíràn. Ó ronú sí i díẹ̀.

Ó ní, “Bàbá, bí mo bá kọ ṣí, àwọn ọmọ á máa rò pé ṣí ilẹ̀kùn ni. Wọ́n á máa fi Ctrl+X ṣí fáìlì.”

N kò rí èsì fún un. Mo ní kí ó jẹ́ “gbé e lọ”. Ó ní òun yóò rò ó wò. “Gé e” ṣì ni ó wà lára ògiri ní ìgbà tí mo dé ibẹ̀ kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fi bírò ya àmì dọ́là kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ “dà á kọ”.

Ìyá aláṣọ rí owó rẹ̀ yá ní oṣù kejì ọdún 2019, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé kò sí ìdí láti máa tọ́jú káàdì mọ́, nítorí pé gbogbo rẹ̀ ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Ó fi ọ̀rá wé e, ó sì fi í sábẹ́ aṣọ nínú àpótí.